Àròkàn Kì Í Ṣe Ọgbọ́n: Ìrònú Tó Ń Yí Lójú Kan àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́tipẹ́ pé àròkàn ní í mú ẹkún àsun-ùn-dá wá. Nínú gbólóhùn kúkúrú yìí ni wọ́n ti sọ ohun tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ọkàn ènìyàn fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí. Ohun náà ni pé kì í ṣe ìṣòro nìkan ní í wó ènìyàn mọ́lẹ̀. Bí ènìyàn ṣe ń ro ìṣòro ọ̀hún ní àròtúnrò, tọ̀sán-tòru, láìjẹ́ pé ìrònú náà bí ohun kan, a máa dá kún ìwúwo ẹrù náà.

Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà tó ń gbà bá ẹni tó wà lájò jà. Ẹni tó fi Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì sílẹ̀, tó ń ṣòwò ní Kánò, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Jọ́ọ̀sì, tàbí tó ń kọ́ni ní Maiduguri, kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè ronú lọ́sàn-án. Ọjà ń pè é, ọ̀gá ń pè é, oníbàárà kò jẹ́ kó sinmi. Ìgbà tí alẹ́ bá lẹ́, tí àwọn ọmọ ti sùn, tí àdúgbò sì dákẹ́, ni èrò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan: ìyá tó kú tí kò lè tètè dé bá, owó búlọ́ọ̀kù tó fi ránṣẹ́ sí àbúrò, tí kò sì bá búlọ́ọ̀kù kankan nílẹ̀ nígbà tó délé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti kọ́lé nígbà tí òun ṣì ń san owó ilé fún onílé. Yóò rò ó títí àkùkọ yóò fi kọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò ní rí ojútùú kankan mú dìde lórí ẹní. Àárẹ̀ nìkan ni yóò mú dìde. Bí ó bá tún di alẹ́, yóò tún mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

ÌRÒNÚ YÀTỌ̀ SÍ ÀRÒKÀN

Kò sí ọlọ́gbọ́n tó lè ní kí ènìyàn má ronú. Oníṣòwò tó jókòó ṣírò ọjà rẹ̀, tó rí i pé èrè òun ti dín kù, tó sì pinnu láti wá ibòmíràn tí yóò ti máa rajà, ìrònú ló ṣe. Irú ìrònú bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, ó sì ní ohun tó bí. Àròkàn ní tirẹ̀ kò lópin. Ó dà bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn. Ewúrẹ́ náà kò dúró, ó ń rìn; ṣùgbọ́n bó ṣe ń yí èèkàn po ni okùn ń kúrú sí i, títí ọrùn rẹ̀ yóò fi kan igi.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè fi dá àròkàn mọ̀. Èkíní ni irú ìbéèrè tó máa ń béèrè. “Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?” “Kí ló ṣe mí tí n kò fi dà bí àwọn ẹgbẹ́ mi?” “Bí mo bá ti lọ sílé lọ́dún yẹn ńkọ́?” Irú ìbéèrè báwọ̀nyí kò ní ìdáhùn tó lè tẹ́ ọkàn lọ́rùn. Èkejì ni pé àròkàn kì í dúró sórí ohun kan pàtó. Kì í sọ pé, “Mo pàdánù lórí àpò ìrẹsì márùn-ún lóṣù tó kọjá.” Ohun tí yóò sọ ni pé, “Kò sí ohun tí mo dáwọ́ lé rí tó yọrí sí rere.” Ẹ̀kẹta ni ohun tó ń fi sílẹ̀. Bí ènìyàn bá ti ro ọ̀ràn kan fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí kò rí ìgbésẹ̀ kankan mú, tí ọkàn rẹ̀ kò sì fúyẹ́ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ó mọ̀ pé ìrònú ti tán, àròkàn ló kù.

Àwọn àgbà sọ pé bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹni tó ń ronú lè sunkún, ṣùgbọ́n ó ṣì ń rí ọ̀nà níwájú. Ẹni tí àròkàn bá mú, omijé ti bò ó lójú.

OHUN TÍ ILẸ̀ TÓ MÌ FI HÀN

Obìnrin kan tó ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Susan Nolen-Hoeksema, onímọ̀ nípa ọkàn àti ìhùwàsí ènìyàn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí ní 1959, tó sì kú ní 2013. Ní 1989, nígbà tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Stanford ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà, ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìwé ìbéèrè. Ó fẹ́ mọ bí ọkàn wọn ṣe rí, àti ohun tí olúkúlùkù máa ń ṣe bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́: ṣé ó máa ń jókòó ti ìbànújẹ́ náà, kó máa rò ó, tàbí ó máa ń dìde wá nǹkan mìíràn ṣe?

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá, ilẹ̀ mì tìtì ní agbègbè náà. Ilé wó, apá kan afárá já, ènìyàn 63 sì kú. Kò sí onímọ̀ kan tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣètò irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ènìyàn. Nolen-Hoeksema àti ẹnì kejì rẹ̀, Jannay Morrow, padà tọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí lọ ní ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, wọ́n sì tún lọ ní ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn rẹ̀. Àbájáde ìwádìí wọn, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1991, fi hàn pé àwọn tó ti ní àṣà àròkàn kí ilẹ̀ tó mì ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá jù lẹ́yìn tó mì tán, kódà nígbà tí wọ́n ro bí ọkàn olúkúlùkù ti rí tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn. Ilẹ̀ kan náà ló mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ohun tí olúkúlùkù ń fi ọkàn rẹ̀ ṣe ni kò dọ́gba.

Ní 1995, òun àti Sonja Lyubomirsky tún gbé ìwádìí mìíràn jáde. Wọ́n mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí inú wọn bàjẹ́. Wọ́n ní kí àwọn kan fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ ronú nípa ara wọn àti bí nǹkan ti rí lára wọn. Wọ́n ní kí àwọn yòókù fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ ro nǹkan mìíràn tí kò kàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n wá gbé ìṣòro síwájú gbogbo wọn pé kí wọ́n yanjú rẹ̀, ojútùú tí àwọn tó ti ṣe àròkàn mú wá kò dára tó ti àwọn ẹgbẹ́ wọn.

Àbájáde yìí ja àròkàn nírọ́, nítorí ohun tí àròkàn máa ń sọ fún ènìyàn ni pé òun ń bá a wá ọ̀nà. Ìdí nìyí tó fi ṣòro láti fi sílẹ̀: ó jọ iṣẹ́. Ẹni tó ń ṣe é gbà pé òun ń múra sílẹ̀, àti pé bí òun bá ṣíwọ́ ìrònú, á jẹ́ pé òun kò bìkítà fún ìyá, fún ọmọ, tàbí fún gbèsè tó wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n táyà ọkọ̀ tó rì sínú ẹrẹ̀ náà ń yí. Ó ń jẹ epo, ariwo rẹ̀ sì gba gbogbo títì. Bó ṣe ń yí náà ló ń rì.

“MÁ RONÚ MỌ́” KÌ Í ṢE OÒGÙN

Bí ọ̀rẹ́ tàbí ìbátan bá rí ẹni tí ìrònú ń dà láàmú, ohun tó kọ́kọ́ máa ń tẹnu wọn jáde ni pé, “Gbé e kúrò lọ́kàn.” Inú rere ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Daniel Wegner, tó ń kọ́ni ní ìlú San Antonio ní ìpínlẹ̀ Texas, dán an wò, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1987. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n máa sọ ohun gbogbo tó bá wá sí wọn lọ́kàn, àmọ́ kí wọ́n má ro béárì funfun, ẹranko ńlá kan tó ń gbé ilẹ̀ yìnyín. Bí ó bá wá sí wọn lọ́kàn pẹ́nrẹ́n, kí wọ́n lu aago. Léraléra ni aago ń dún. Nígbà tí wọ́n sì gbà wọ́n láyè láti rò ó, wọ́n rò ó ju àwọn tí wọn kò kà á léèwọ̀ fún rí lọ.

Èrò tí a bá fi agbára lé jáde ní ojúde, ẹ̀yìnkùlé ni yóò gbà padà wọlé. Nítorí náà, ìtọ́jú tó múná dóko kì í bá èrò jìjàkadì. Ó ń yí ọ̀nà tí èrò ń gbà padà ni.

ÀKÓKÒ FÚN ÀNÍYÀN, ÌBÉÈRÈ TUNTUN FÚN ÀRÒKÀN

Ọ̀nà kan tó rọrùn wá láti ọwọ́ Thomas Borkovec àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní 1983. Wọn kò ní kí ènìyàn má ṣe àníyàn; àkókò ni wọ́n dá fún un. Ẹni tí ọ̀ràn kàn yóò yan ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kan lójúmọ́, ní wákàtí kan náà àti ní ibì kan náà, tí kì í ṣe orí ibùsùn. Bí àníyàn bá dé lọ́sàn-án tàbí lóru, yóò sọ fún un pé àkókò rẹ̀ kò tíì tó, yóò sì padà sídìí ohun tó ń ṣe. Bí àkókò bá tó, yóò jókòó, yóò gbé àwọn àníyàn náà yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì wá ohun tó lè ṣe sí wọn. Ẹni tó bá mọ ìwé kọ lè fi bírò kọ wọ́n sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àníyàn tó dà bí òkè ní aago méjì òru, kì í ga tó bẹ́ẹ̀ mọ́ bí a bá gbé e sórí tábìlì ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀nà kejì jinlẹ̀ ju èyí lọ. Edward Watkins, ní Yunifásítì Exeter nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣètò rẹ̀ fún àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti dì mú. Ọ̀rọ̀ sísọ ni, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Aláìsàn àti olùtọ́jú yóò kọ́kọ́ jọ ṣọ́ ìgbà àti ibi tí àròkàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò sì pinnu ohun mìíràn tí aláìsàn yóò máa ṣe nígbàkúùgbà tí àmì rẹ̀ bá ti yọjú. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò kọ́ ọ láti pààrọ̀ ìbéèrè: dípò “kí ló dé?”, yóò máa béèrè pé “báwo?”

Bí àpẹẹrẹ, ọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ kú nílé nígbà tí òun wà ní Kàdúná lè máa bi ara rẹ̀ lálaalẹ́ pé, “Kí ló dé tí n kò lọ wò ó nígbà Iléyá?” Ìbéèrè yẹn kò lè jí ìyá dìde. Olùtọ́jú kò ní sọ pé kó má dárò ìyá rẹ̀, nítorí ọ̀fọ̀ kì í ṣe àìsàn. Yóò ní kó sọ bí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ gan-an, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Ọjọ́ wo ni wọ́n pè é? Kí ni wọ́n sọ pé ó ń ṣe ìyá? Èló ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà? Bí ó bá sọ ọ́ tán, ó lè wá rí i pé ohun tí òun mọ̀ nígbà náà kò tó ohun tí òun mọ̀ lónìí. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè yóò yí padà: ta ló kù nílé tó nílò rẹ̀? Bàbá wà láàyè. Ìgbésẹ̀ ti dé nìyẹn: kó máa pe bàbá ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, kó sì máa fi owó ọkọ̀ pamọ́ díẹ̀díẹ̀ láti lọ kí i kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ọ̀fọ̀ kò tíì tán, ṣùgbọ́n èrò ti rí ibi tó ń lọ.

Ní 2011, Watkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn aláìsàn 42 tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọn kò tán bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti lo oògùn. Àwọn kan ń bá ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ; àwọn yòókù gba ìtọ́jú tuntun yìí mọ́ ọn. Nínú àwọn tí kò gbà á, ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún ni ara wọn yá. Nínú àwọn tó gbà á, ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ènìyàn 42 kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà tó ohun tí ènìyàn ń rí láti òkèèrè.

BẸ́ǸṢÌ ÀWỌN ÌYÁ ÀGBÀ NÍ HARARE

Ẹnikẹ́ni lè wí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí, níbi tí dókítà ọpọlọ ti pọ̀. Orílẹ̀-èdè Sìmbábúè fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀yà Shona níbẹ̀ ní orúkọ kan fún àìsàn yìí: kufungisisa, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ àpọ̀jù ìrònú. Dixon Chibanda, dókítà ọpọlọ kan ní Harare tó jẹ́ olú-ìlú wọn, pàdánù aláìsàn rẹ̀ kan ní 2005. Obìnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ para rẹ̀, nítorí pé àwọn ẹbí rẹ̀ kò rí owó ọkọ̀ tí wọn yóò fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Chibanda wá rí i pé ìtọ́jú tó dúró sí ilé ìwòsàn ńlá kò lè tó gbogbo ènìyàn. Ní 2006, ní àdúgbò Mbare, ó kọ́ àwọn ìyá àgbà mẹ́rìnlá tó ti ń ṣiṣẹ́ ìlera láàárín ìlú ní ọ̀nà tí wọn yóò fi máa tọ́jú ẹni tí ìrònú bá bò mọ́lẹ̀. Bẹ́ǹṣì onígi lábẹ́ igi, ní ọgbà kílíníìkì, ni wọ́n fi ṣe ọ́fíìsì.

Ipele mẹ́ta ni iṣẹ́ wọn ní. Èkíní ni ṣíṣí ọkàn: ìyá àgbà yóò dákẹ́, yóò gbọ́ ohun gbogbo, wọn yóò kọ ìṣòro náà sílẹ̀, aláìsàn yóò sì mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn. Èkejì ni gbígbé e ró: wọn yóò jọ wá ìgbésẹ̀ kan tó ṣeé ṣe lórí ìṣòro kan yẹn. Ẹ̀kẹta ni fífún un lókun: yóò padà wá sọ bí ìgbésẹ̀ náà ti rí, wọn yóò sì tún un ṣe. Ìjókòó mẹ́fà ni wọ́n máa ń ṣe. Lẹ́yìn èyí ni ẹni náà yóò dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ti gba ọ̀nà náà kọjá, tí wọ́n ń pàdé, tí wọ́n sì jọ ń fi ọwọ́ hun àpò.

Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016, lórí ènìyàn 573 ní kílíníìkì 24 ní Harare, fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ló ṣì ní àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Láàárín àwọn tí kò jókòó níbẹ̀, nǹkan bí ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ni.

Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Láti 1954, ní Aro ní Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, tó kú ní 2004, ti ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ìbátan wọn ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí wọ́n máa gba oògùn òyìnbó láàárín ẹbí àti ará. Ó mọ̀ pé àìrìnpọ̀ ejò ní í jẹ ejò níyà.

IBI TÍ ẸNI TÓ WÀ LÁJÒ LÈ YÀ SÍ

Ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ kì í wọ́n ní ìlú tí Yorùbá bá ti pọ̀. Wọ́n ń dáwó, wọ́n ń ṣe ìsìnkú, wọ́n ń ṣe ìkómọ. Ohun tí kì í sábà wáyé níbẹ̀ ni kí ẹnì kan dìde sọ pé òun kò sùn láti ọjọ́ mọ́kànlá. Ojú ń tì í. Ó ń bẹ̀rù pé wọn yóò ní orí òun ti yí, tàbí pé ọ̀rọ̀ náà yóò délé ṣáájú òun. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ yóò bá a dákẹ́. Àgbà obìnrin tàbí àgbà ọkùnrin tó mọ bí a ṣe ń fetí sílẹ̀, tó sì mọ bí a ṣe ń pa àṣírí mọ́, lè di bẹ́ǹṣì fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Kò ní láti ní ojútùú lọ́wọ́. Kó gbọ́ ọ dé òpin, kó má sọ pé “má ronú mọ́”, kó sì béèrè pé, “Èwo nínú wọn la lè kọ́kọ́ mú ní ọ̀sẹ̀ yìí?”

Ṣùgbọ́n àkókò wà tí ọ̀rọ̀ ju ti ọ̀rẹ́ àti ìbátan lọ. Bí ìbànújẹ́ bá wà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí oorun dá, tí oúnjẹ kò wọlé mọ́, tí iṣẹ́ kò ṣeé ṣe, ilé ìwòsàn ló kàn. Bí ẹni náà bá ń sọ pé ikú yá ju ayé lọ, tàbí pé ìdílé òun yóò sàn jù láìsí òun, kí wọ́n má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n mú un lọ. Ọtí kò lè wo ọ̀ràn yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn oorun tí ènìyàn kàn rà ní kẹ́mìsì láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún un. Oògùn tí dókítà ń fún aláìsàn fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn a máa gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí ó tó ṣiṣẹ́, kò sì yẹ kí ènìyàn dédé dá a dúró. Ẹni tó bá gbà pé àfiṣe ni, tó sì fẹ́ gbàdúrà, kò sí ẹni tó ní kó má gbà á. Àdúrà àti ilé ìwòsàn kì í bá ara wọn jà.

Kò pọn dandan kí ẹni tó wà lájò padà wá sí Yábàá tàbí Aro. Ìjọba àpapọ̀ ní ilé ìwòsàn fún àrùn ọpọlọ ní Barnawa ní Kàdúná, ní Maiduguri, ní Kware ní ìpínlẹ̀ Sókótó, ní Énúgù, ní Kàlàbá, àti ní Uselu ní ìlú Bìní. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2023, ti gba ipò òfin àtijọ́ tó ń pe irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní wèrè. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í ṣe wèrè. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bẹ́ẹ̀ ni ti èrò náà rí. Kí ènìyàn rán èrò rẹ̀ lọ wo ìṣòro, kò burú; ṣùgbọ́n kí ó padà wá jíṣẹ́, kí ó wí ohun tó rí àti ohun tó ṣeé ṣe. Èyí tí kò bá jíṣẹ́ kankan lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀, kí wọ́n pe ẹlòmíràn kó bá wọn wò ó.